Bí A Ṣe Ń Bojú Wẹ̀yìn Wo Ìtàn Tí Kíláàsì Jùmọ̀ Kọ

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá jùmọ̀ kọ ìtàn kan parí, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ èdè máa ń ṣe ni pé a ó ní kí wọ́n kà á sókè, kíláàsì yóò pàtẹ́wọ́, a ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì, a ó sì bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn nítorí pé ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn. Bí èmi náà ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, kí n tó ṣàkíyèsí pé apá tí ó yẹ kí ọmọ ti jèrè jù lọ nínú iṣẹ́ náà gan-an ni mo ń fò dá. Ọmọ tí ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìtàn ti ṣe ìpinnu tó pọ̀: ó ti sọ ẹ̀dá ìtàn lórúkọ, ó ti yan ibùdó ìtàn, ó ti jà fún gbólóhùn kan, ó ti jáwọ́ nínú òmíràn. Bí a kò bá jẹ́ kí ó padà lọ wo àwọn ìpinnu wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò bọ́ sí SS3 láìmọ ohun tí òun mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìbojúwẹ̀yìn ni orúkọ tí mo ń pe ìpele ìkẹyìn yìí. Kì í ṣe ìyìn, kì í sì í ṣe ìgbẹ́jọ́. Ohun tí mo ń wá ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè fi ìka tọ́ka sí ibì kan pàtó nínú ìtàn, kí ó sì sọ bí ibẹ̀ ṣe di bí ó ti wà: ta ni ó mú un wá, ta ni ó takò ó, ọ̀rọ̀ wo ni ó yí wọn lọ́kàn padà. Ìlànà yìí wúlò fún ìtàn, fún eré-onítàn àti fún ewì alájùmọ̀kọ, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni n ó máa fà yọ, kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́nká.

Kíláàsì SS2 kan tí mo kọ́ ní Ìbàdàn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ 42 ni wọ́n. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ 7, ẹni mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ orí kan nínú ìtàn gígùn nípa omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980. Odò Ògùnpa la àárín gbùngbùn Ìbàdàn kọjá. Lọ́dún náà, òjò tí ó rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìdáwọ́dúró mú kí odò náà kún kọjá ààlà rẹ̀, ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀mí àti dúkìá púpọ̀ sì bá a lọ. A kò tíì bí ẹnì kankan nínú àwọn ọmọ náà nígbà yẹn. Omíyalé mìíràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn nínú oṣù kẹjọ ọdún 2011 ni àwọn kan nínú wọn rántí bí àlá. Nítorí náà, wọ́n ní láti lọ wádìí lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà wọn nílé kí wọ́n tó lè kọ ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni iṣẹ́ náà gbà.

Kí wọ́n tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́

Ìbojúwẹ̀yìn kò lè dúró lórí ìrántí nìkan. Ìrántí àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ máa ń tẹ̀lé ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ jù láàárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá kọjá, ohun tí olórí ẹgbẹ́ bá ní ó ṣẹlẹ̀ ni gbogbo wọn yóò gbà pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí ni ẹ nílò, ọjọ́ àkọ́kọ́ pàá sì ni ẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ.

Ẹ ra ìwé kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ pé inú rẹ̀ nìkan ni wọn yóò ti máa kọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òfin mẹ́ta ni mo fi de ìwé náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ojú ìwé kankan kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ pa rẹ́, ìlà kan ṣoṣo ni wọn yóò fà gba orí rẹ̀ kọjá, kí a ṣì lè rí i kà lábẹ́ ìlà náà. Ní òkè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ni wọn yóò kọ déètì sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó di bírò mú lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni akọ̀wé ń yí padà. Òfin kejì yìí ni ó máa ń nira fún wọn jù. Láti kékeré ni a ti kọ́ wọn pé ìwé tí ó mọ́ tónítóní ni ìwé ọmọ dáadáa, wọ́n á sì fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ ní àkọtúnkọ kí ẹ má baà rí ìdọ̀tí. Ẹ jẹ́ kí ó yé wọn pé àwọn ìlà tí wọ́n fà wọ̀nyẹn ni ìṣúra tí a ó padà wá wú.

Bí ẹgbẹ́ kan bá ń bá ìjíròrò lọ nílé lórí WhatsApp, kí ẹnì kan máa da èyí tí ó bá kan ìtàn kọ sínú ìwé náà, kí foonu má baà bàjẹ́ tàbí kí wọ́n má baà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ilé-ìwé tí ó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè lo Google Docs, èyí tí ó máa ń tọ́jú gbogbo ìyípadà tí ẹnikẹ́ni bá ṣe pẹ̀lú àkókò tí ó ṣe é. Ìwé àti bírò tó fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí iná mànàmáná tí yóò dá a dúró.

Ìbéèrè tí ó ń fa ọ̀rọ̀ jáde

Ẹ má ṣe ìbojúwẹ̀yìn lọ́jọ́ tí ìtàn parí. Inú wọn máa ń dùn jù lọ́jọ́ náà, tàbí kí ó ti rẹ̀ wọ́n. Ẹ fún wọn ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì wá píríọ́dù méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé ìṣẹ́jú 40 kò tó.

Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣí ìwé rẹ̀ sáàárín, kí oníkálukú wọn sì máa kọ èrò tirẹ̀ sórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹni mẹ́ta ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù yóò sì máa mi orí. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ tí kì í la ẹnu rẹ̀ ní kíláàsì ni ó ń kọ ohun tí ó jinlẹ̀ jù sílẹ̀ nígbà tí ó bá mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu.

Ìbéèrè tí ẹ bá bi wọ́n ni yóò pinnu ohun tí ẹ ó rí gbà. Fún ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ń béèrè pé, “Kí ni o kọ́ nínú iṣẹ́ yìí?” Fún ọdún mẹ́ta ni gbogbo kíláàsì sì ń dá mi lóhùn pé àwọn kọ́ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìtàn náà lè kọ ọ́ síbẹ̀. Ìbéèrè tí ó dára ni èyí tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó bá wà níbi iṣẹ́ náà nìkan ni ó lè dáhùn rẹ̀. Àwọn tí mo ń lò báyìí nìyí:

Gbólóhùn wo nínú orí yín ni o lè fi ìdánilójú sọ pé ìwọ ni o mú un wá? Kọ ojú ìwé rẹ̀ sílẹ̀.

Ibo ni o fẹ́ kí ìtàn náà gbà tí kò gbà? Ta ni ó yí ọ lọ́kàn padà, kí ni ó sì sọ?

Nínú àwọn ohun tí ẹ fa ìlà sí, èwo ni ó ṣì ń dùn ọ́ pé ẹ yọ kúrò?

Ọ̀rọ̀ wo ni o fẹ́ sọ nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ tí o gbé mì?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí lágbára púpọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí fún wọn pé ẹni tí kò bá fẹ́ kí a ka ìdáhùn tirẹ̀ sókè lè fa igun mẹ́rin yí i ká, ẹ kò sì gbọdọ̀ yẹ àdéhùn náà.

Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kódà bí ó bá jẹ́ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jùmọ̀ kọ. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n tilẹ̀ tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Mo ń rí irú rẹ̀ nínú iṣẹ́ kékeré tèmi náà. Ọmọ tí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì bojú wẹ̀yìn máa ń yá gbólóhùn tí ó ti wà nílẹ̀ lò. Nígbà tí ó bá fi Yorùbá kọ ọ́, ó ní láti ronú kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ mu.

Ta ni “a”?

Lẹ́yìn ìkọ̀wé ìdákẹ́jẹ́ ni ìjíròrò tó kàn. Bí ìjíròrò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré méjì nínú èdè wa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bo òtítọ́ mọ́lẹ̀: “a” àti “wọ́n”. “A pinnu pé kí ìyá náà má kú.” “Wọ́n ti yọ ibẹ̀ kúrò.” Ta ni “a”? Àwọn wo ni “wọ́n”? Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, “wọ́n” máa ń jẹ́ kí a lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é, èyí sì wúlò níbi tí a kò bá ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìbojúwẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á. Nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ “a” tàbí “wọ́n”, ẹ béèrè orúkọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ibi tí mo ti kọ́ èyí nìyí. Nínú orí tí ẹgbẹ́ kẹta kọ, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláṣọ, tí omi gbé lọ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ wọn àkọ́kọ́, wọ́n rí òkú rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé e wálé, wọ́n sì fi ojú ìwé méjì ṣàpèjúwe ìsìnkú rẹ̀, pẹ̀lú orin arò tí ó dùn ún gbọ́. Nínú ìtàn tí wọ́n mú wá kẹ́yìn, kò sí òkú, kò sí ìsìnkú. Ọmọ rẹ̀ kan ń ká aṣọ tí ó kù nínú ilé ni, ó ń ká a, ó ń tú u, nítorí pé kò mọ̀ bóyá kí òun tà á tàbí kí òun dúró dè é. Gbogbo kíláàsì dákẹ́ nígbà tí wọ́n kà á. Nígbà tí mo béèrè bí ó ṣe yí padà, olórí ẹgbẹ́ dáhùn kíákíá pé, “A jíròrò rẹ̀, mà, a sì rí i pé báyìí ló dára jù.”

Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Ìlà kan la ojú ìwé méjèèjì tí ìsìnkú wà já, ọwọ́ ẹlòmíràn sì kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wínníwínní pé: “Ìyá àgbà mi ní wọn kò rí wọn.” Ọmọbìnrin kan tí ó dákẹ́ jù nínú ẹgbẹ́ náà ni ó kọ ọ́. Ìyá àgbà rẹ̀ ti sọ fún un pé nínú àwọn aládùúgbò tí omi gbé lọ, àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rí òkú wọn, àti pé ohun tí ó dun àwọn ará ilé wọn jù ni pé wọn kò mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣíwọ́ dídúró. Òun ni ó sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìsìnkú tí wọ́n kọ ti rọrùn jù. Kì í ṣe pé olórí ẹgbẹ́ fẹ́ jí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó ti gbàgbé ni, “a” sì ti bá a gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ìwé náà kò bá sí níbẹ̀, ọmọbìnrin náà ìbá kúrò ní kíláàsì mi láìmọ̀ pé òun ni òun mú ibi tí ó dára jù nínú gbogbo ìtàn náà wá, àwọn yòókù kò sì ní mọ̀ pé ìbéèrè tí a bi àgbàlagbà kan nílé ni ó ṣe é, pé kì í ṣe ọgbọ́n orí lásán.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní oríta ìtàn: ibi tí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta ti yà, tí wọ́n sì gba ọ̀kan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá oríta kan péré nínú orí rẹ̀. Kí wọ́n ka ohun tí wọ́n yọ kúrò sókè, kí wọ́n ka èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí jẹ àti ohun tí wọ́n pàdánù. Nítorí pé àdánù máa ń wà. Orin arò ẹgbẹ́ kẹta dára, ẹni tí ó kọ ọ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó dun òun.

Títọ́ka sí àléébù láìwọ́ ẹnikẹ́ni nílẹ̀

Àwọn kan rò pé kí a jókòó máa yẹ iṣẹ́ ara wa wò lójú ara wa jẹ́ àṣà àjèjì, pé ọmọ Yorùbá kì í takò ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń sun ìjálá, àwọn ọ̀jáfáfá tí ó wà níjòókòó máa ń dá asunjálá dúró bí ó bá ṣi oríkì kan pè tàbí bí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan síbi tí kò yẹ, asunjálá náà sì lè dáhùn láti gbèjà ara rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tí ó kó ìjálá jọ tí ó sì tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1966, ṣàlàyé èyí. Àwọn ẹgbẹ́ eré orí-ìtàgé alárìnkiri bíi ti Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo náà kì í sáábà kọ ọ̀rọ̀ eré sílẹ̀. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ni ó ń wá ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, tí wọ́n sì ń tún eré náà ṣe bí wọ́n ti ń ṣe é kiri. Iṣẹ́ alájùmọ̀ṣe àti àtúnyẹ̀wò rẹ̀ ti wà nínú ilé wa tipẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà wà tí a ń gbà sọ ọ́. Nínú kíláàsì kan náà, ẹni tí ó fi ọdún méjì ju ẹlòmíràn lọ lè wà, ọ̀rọ̀ “ó ń rí mi fín” kì í sì í pẹ́ ṣẹlẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n fi gbólóhùn inú ìtàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí wọ́n má fi ènìyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ọmọ má ṣe sọ pé, “Ìwọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀tàn”, kí ó sọ pé, “Gbólóhùn yìí ní ilẹ̀ ti ṣú, ṣùgbọ́n ní ìlà kẹta, ọmọ náà ṣì ń rí àwọ̀ omi.” Ẹni tí ó ni gbólóhùn náà ni yóò kọ́kọ́ fèsì, kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ṣì í sọ, ẹ ní kí ó tún un sọ, ẹ má bá a wí lójú gbogbo ènìyàn.

Ọwọ́ olùkọ́ nínú ìtàn

Olùkọ́ ni yóò sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí a ń yẹ̀ wò. Mo fi ìbéèrè kan kún un: “Ibo ni olùkọ́ ti yí ìtàn yín padà, ṣé ó sì tún un ṣe?” Ìdáhùn kan wà tí n kò ní gbàgbé. Nínú orí karùn-ún, ìyá àgbà kan ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará Ìbàdàn ti ń sọ ọ́, tí wọ́n ń pe “ṣ” bí “s”: “Kí ni mo se?” Mo ti fi bírò pupa fi àmì sábẹ́ gbogbo “s” wọ̀nyẹn, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún àkọtọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ pé láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà inú ìtàn àwọn ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ìròyìn lórí rédíò. Òótọ́ ni ó sọ. Àkọtọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo ń kọ́ wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ asọ̀tàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn jẹ́ apá kan ìfìwàwẹ̀dá, ìyẹn bí a ṣe ń jẹ́ kí ìwà ẹ̀dá ìtàn hàn sí òǹkàwé, ọmọ náà sì gbọ́ ohùn ìyá yẹn jù mí lọ. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ ní iwájú wọn, a sì dá “s” náà padà. Lẹ́yìn ọjọ́ náà ni ìdáhùn wọn sí àwọn ìbéèrè yòókù túbọ̀ ṣe tààrà.

Ní ti máàkì, ẹ má fi ìbojúwẹ̀yìn jẹ ọmọ tí kò ṣiṣẹ́ níyà. Bí ìyẹn bá wà, ẹ pè é lọ́tọ̀. Máàkì 10 ni mo ń fún ìwé ìbojúwẹ̀yìn: 6 fún títọ́ka sí ibi pàtó nínú ìwé ẹgbẹ́, 4 fún àlàyé. Ọmọ tí ó bá sọ pé èrò òun kò dára tó, tí ó sì fi ẹ̀rí hàn, lè gba 10.

Dídá ìtàn padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó sọ ọ́

Bí ó bá jẹ́ ẹnu àwọn àgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́ ohun tí wọ́n kọ, ìbojúwẹ̀yìn kò tíì parí ní kíláàsì. Àwọn àgbà tí kíláàsì mi lọ bá kò fẹnu kò lórí wákàtí tí òjò bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fẹnu kò lórí bí omi ṣe ga tó. Ẹgbẹ́ kan yan ìtàn tí ó múni lọ́kàn jù, ẹgbẹ́ mìíràn yan èyí tí ẹni méjì sọ bákan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi yàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà orí tí ó kàn án lọ sílé, kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ó dúpẹ́, kí ó sì kà á fún ẹni tí ó sọ ìtàn náà fún un. Kí ó béèrè ohun méjì péré: “Ṣé a kọ ohunkóhun tí ẹ kò fẹ́ kí ayé kà, mà?” àti “Ibo ni ẹ ti rí i pé kò rí bí a ṣe kọ ọ́ yẹn?” Kí ó kọ ìdáhùn wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, láìtún un ṣe. Ìyá àgbà ọmọbìnrin ẹgbẹ́ kẹta ní kí ó tún ibi tí wọ́n ti ń ká aṣọ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá sọ pé bàbá kan ní àdúgbò àwọn ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an, kì í ṣe aṣọ ni ó ń ká, ìwé ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ náà kọ ọ́ sí ẹ̀yìn bébà rẹ̀, ó sì mú un wá fún mi lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan: ìwé ẹgbẹ́ méjèèje, bébà ìbojúwẹ̀yìn, ìdáhùn àwọn àgbà, pẹ̀lú ìtàn náà fúnra rẹ̀. Èyí tí wọ́n fa igun mẹ́rin yí ká, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Nígbà tí kíláàsì SS2 tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn tiwọn lọ́dún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ìwé ẹgbẹ́ ni mo ń kọ́kọ́ gbé fún wọn, pẹ̀lú ìlà àti ìdọ̀tí inú wọn, kí wọ́n fi píríọ́dù kan wá oríta inú wọn kí n tó jẹ́ kí wọ́n ka ìtàn tí ó jáde níbẹ̀.